Kírọ́sìwọ́ọ̀dù aláìlákòrí: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńdọ̀

Sátidé kan kì í lọ kí ẹnìkan má yà sídìí bẹ́ǹṣì wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńdọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, kó sì béèrè ohun tí a ti dáhùn fún ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹnu ti ń ro wá, ni mo ṣe kó wọn jọ síbí. Ẹni tó bá ti mọ ti ìbẹ̀rẹ̀, kó fò ó. Ibi tó ta kókó wà nísàlẹ̀.

Kí ni kírọ́sìwọ́ọ̀dù?

Àwòrán onígun mẹ́rin ni, tí wọ́n pín sí àpótí kéékèèké, òmíràn funfun, òmíràn dúdú. Lẹ́tà kan ló ń wọ àpótí funfun kan. Ọ̀rọ̀ a máa lọ ní ìbú, láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, a sì máa lọ ní òòró, láti òkè wá sísàlẹ̀. Nọ́ńbà tó wà ní igun àpótí ló so ọ̀rọ̀ mọ́ atọ́ka rẹ̀, ìyẹn gbólóhùn kékeré tó ń júwe ohun tí ẹ máa kọ. Níbi tí ọ̀rọ̀ ìbú àti ti òòró bá ti pàdé, lẹ́tà kan ni àwọn méjèèjì jọ ń lò. Gbogbo ọgbọ́n eré náà wà níbi ìpàdé yẹn.

Arthur Wynne, ọmọ Liverpool tó ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn ní Amẹ́ríkà, ló ṣe èyí àkọ́kọ́ sínú New York World ti ọjọ́ 21 oṣù Díṣẹ́ńbà 1913. "Word-Cross" ló pè é. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn tó ń to lẹ́tà ṣèèṣì gbé ọ̀rọ̀ tẹ̀yìn síwájú, ó di "Cross-Word", orúkọ náà kò sì padà mọ́.

Kí ló ń jẹ́ aláìlákòrí?

Nínú oríṣi tó wọ́pọ̀ jù, ìdáhùn gígùn mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún máa ń ní ohun kan tó so wọ́n pọ̀. Ó lè jẹ́ pé orúkọ oúnjẹ fara pamọ́ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tàbí pé wọ́n yọ lẹ́tà kan náà kúrò nínú gbogbo wọn. Ohun yẹn ni àkòrí. (Àmọ́ ẹ má pe irú èyí ní "alákòrí" o, èébú nìyẹn.) Ó dà bí ìgbà tí ẹ wọ agbo ilé kan: bí ẹ bá ti gbọ́ oríkì ọmọ kan, ẹ ti mọ ibi tí oríkì àwọn yòókù ń lọ.

Aláìlákòrí kì í ṣe agbo ilé. Ìbàdàn Gáréèjì ni láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ẹnìkan ń lọ Àgọ́-Ìwòyè, ẹnìkan ń lọ Ẹ̀pẹ́, ẹnìkan gbé adìyẹ dání, kò sí ẹni tó mọ ẹnìkejì. Bí ẹ mọ ọ̀rọ̀ kan, ìyẹn ò sọ ohunkóhun fún yín nípa èyí tó kàn, àfi lẹ́tà tí wọ́n jọ ń lò.

Ta ló ń ṣe é jáde? Kí ló dé tó jẹ́ Sátidé ni ẹ máa ń dúró dè?

Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn àti àwọn aládàáṣe ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n ti The New York Times ni gbogbo èèyàn fi ń wọn ti àwọn yòókù. Ọjọ́ 15 oṣù Fẹ́búárì 1942 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwọn, Sọ́ńdè nìkan ni nígbà náà. 1950 ló di ojoojúmọ́. Margaret Farrar ni olóòtú àkọ́kọ́, Will Shortz sì gba ipò náà ní 1993.

Mọ́ńdè ló rọrùn jù, ó sì ń le sí i bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Fúráìdè àti Sátidé ni aláìlákòrí, Sátidé sì ni olórí líle. Àwọn kan rò pé ti Sọ́ńdè ló le jù nítorí ó tóbi, àpótí 21 ní 21. Títóbi kọ́ ni líle. Ti Sọ́ńdè ní àkòrí tó máa ràn yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá fi Sátidé bẹ̀rẹ̀, ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ló fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Oṣù mẹ́ta lórí Mọ́ńdè àti Túsìdeè kò pọ̀ jù kí ẹ tó gòkè.

Ibo ni a ti lè rí i, ṣé owó ni?

Èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn wa kéré, àpótí dúdú sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ó dáa fún ìfọwọ́yá. Aláìlákòrí gidi, orí fóònù ni: àwọn ìwé ìròyìn ńlá ń gba owó oṣooṣù, àwọn aládàáṣe mìíràn ń gbé tiwọn síta lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa mẹ́rin la ń dá owó ẹyọ kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín, Ìjẹ̀bú ni wá.

Báwo ni mo ṣe máa dá a mọ̀ kí n tó ka atọ́ka kankan?

Ẹ wo funfun rẹ̀. Àpótí 15 ní 15 ni, 225 lápapọ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti àwọn ọjọ́ yòókù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú aláìlákòrí kò gbọ́dọ̀ ju 72 lọ ní The New York Times, nígbà tí wọ́n gba 78 láyè fún èyí tó ní àkòrí. Ọ̀rọ̀ dín, nítorí náà ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ máa rí igun tó mọ́ fee, tí ìdáhùn olójú àpótí mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pàápàá, dùbúlẹ̀ léra wọn mẹ́ta-mẹ́ta bí igi ìdáná tí wọ́n tò.

Ohun mìíràn ni pé bí ẹ bá dorí ìwé náà kodò, tí orí rẹ̀ wá sísàlẹ̀, àwọn àpótí dúdú yóò wà níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Kò ní sí ọ̀rọ̀ tí kò tó lẹ́tà mẹ́ta. Kò ní sí lẹ́tà tó dá wà: gbogbo wọn ló ní ọ̀rọ̀ ìbú àti ọ̀rọ̀ òòró. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀, nǹkan bí ìdajì lẹ́tà wọn ni kò ní ẹlẹ́rìí, ìyẹn ọ̀rọ̀ kejì tó gé e kọjá. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, a máa nílò rẹ̀ nígbà tí a bá dé orí Yorùbá.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ ka gbogbo atọ́ka látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má kọ ohunkóhun àyàfi èyí tí ẹ mọ̀ dájú. Àwọn gbólóhùn tí wọ́n fi àlàfo sí, tí ẹ máa parí, ló sábà máa ń rọrùn jù. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kúkúrú.

Nígbà tí ẹ bá ti ní ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ní igun kan, ẹ jókòó síbẹ̀. Àṣìṣe tí mo ń rí jù lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni kí wọ́n fọ́n ọ̀rọ̀ kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún, bí ẹni ń bu oúnjẹ fún adìyẹ, kó wá jẹ́ pé kò sí èyí tó ran èkejì lọ́wọ́.

Pẹ́ńsù ni àbí bírò?

Pẹ́ńsù. Bírò ni mo fi ṣe Sátidé mi àkọ́kọ́. Atọ́ka kan béèrè ìlú ńlá ní Nàìjíríà, àpótí márùn-ún. Ta ni yóò bi ọmọ Nàìjíríà níyẹn! Mo kọ LAGOS gàdàgbà, mo tún fi bírò tẹ̀ ẹ́ kó dúdú dáadáa. Wákàtí kan gbáko ni igun yẹn fi dì mọ́ mi lọ́wọ́. ABUJA ni. Mo ti wá kà wọ́n lẹ́yìn náà: ENUGU náà jẹ́ márùn-ún, WARRI, MINNA, ASABA. Láti ọjọ́ náà, bí ohun kan bá dá mi lójú tó báyẹn, mo máa ń dúró kí lẹ́tà kan ti òòró jẹ́rìí sí i.

Ṣé atọ́ka ní òfin, àbí ó kàn ń sọ ohun tó wù ú?

Ó ní òfin, kì í sì í rú u. Bí atọ́ka bá sọ̀rọ̀ nípa nǹkan púpọ̀, ìdáhùn á jẹ́ púpọ̀: lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sábà máa ń parí sí S. Bí ó bá sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ti kọjá, ìdáhùn á wà ní ìgbà tó ti kọjá, ED sì lè wà nídìí rẹ̀. Ẹ lè fi pẹ́ńsù kọ S tàbí ED yẹn pẹ́lẹ́ sáyè rẹ̀ kí ẹ tó mọ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn á ti ṣí.

Bí ìkékúrú bá wà nínú atọ́ka, ìkékúrú ni ìdáhùn. OPEC, tí Nàìjíríà wọ̀ ní 1971, jẹ́ ọ̀kan tó ń yọjú gan-an. Bí wọ́n bá dárúkọ ìlú òkèèrè láìnídìí, èdè ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́: "ọ̀rẹ́ ní Paris" yóò jẹ́ AMI, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn Faransé ń pe ọ̀rẹ́.

Kí ni àmì ìbéèrè ń ṣe nídìí atọ́ka tí kì í ṣe ìbéèrè?

Ó ń sọ fún yín pé wọ́n ń ta yín lẹ́nà. Àwa tí wọ́n pa àlọ́ fún kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. "Òkun ń hó yèè, ọ̀sà ń hó yèè, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́": orógùn ni, kò sì sí ẹni tó wá òkun lọ. Ká ní Yorùbá ni wọ́n fi kọ atọ́ka, "Ó lórí, kò ní ọpọlọ?" lè jẹ́ ìṣó. "Ó lẹ́nu, kì í jẹun?" lè jẹ́ ọ̀bẹ, ó lè jẹ́ ìgò, ó lè jẹ́ ọ̀nà. Iye àpótí àti lẹ́tà tó kọjá níbẹ̀ ló máa yàn fún yín.

Sátidé burú ní tirẹ̀, torí nígbà mìíràn wọn kò ní fi àmì náà sí i. Atọ́ka ọlọ́rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ máa bẹ̀rù jù. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan lè jẹ́ orúkọ, kó jẹ́ ìṣe, kó sì tún jẹ́ orúkọ ẹyẹ. Wọn á gbé e síbẹ̀ ní ìhòòhò, wọn á sì máa wò yín.

Ṣé ìdáhùn lè ju ọ̀rọ̀ kan lọ?

Bẹ́ẹ̀ ni, wọn kì í sì í fi àlàfo sáàárín. Ìdí tí ohun tí ẹ kọ fi máa dà bí ìsọkúsọ nìyẹn títí ẹ ó fi rí i. Ẹ wo bí gàrí Ìjẹ̀bú ṣe máa rí nínú àpótí mẹ́sàn-án: GARIIJẸBU. Ẹni tó bá rí II láàárín á rò pé òun ti ṣìṣe, á fẹ́ pa á rẹ́. Ẹ má tètè pa irú rẹ̀ rẹ́. Nínú aláìlákòrí, gbólóhùn ẹnu àti àpólà ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù nínú ìdáhùn gígùn, ibẹ̀ sì ni adùn rẹ̀ wà: àsọjáde tí ẹ ń gbọ́ lójoojúmọ́, tí ẹ ò rò pé ó lè wọ inú ìwé.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké kan ń yọjú ní gbogbo ìgbà. Ṣé kí n há wọn sórí ni?

Ẹ há wọn, ọmọ Yorùbá ni yóò sì rọrùn fún jù. Ẹ wo ODE. Orin ìyìn ni lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìdajì orúkọ ìlú wa sì ni. ORE, òkúta tí wọ́n ń yọ irin lára rẹ̀. Lójú tiwa, ibi tí bọ́ọ̀sì tó ń lọ Benin ti máa ń dúró kí wọ́n jẹun ni. AGO, ohun tó ti pẹ́: ẹ rántí Àgọ́-Ìwòyè. IKE, orúkọ àpèlé Eisenhower tó ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà láti 1953 sí 1961: lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú Ìkẹ́nnẹ́. ADO, ariwo lásán: ti Èkìtì. Ọmọ ilé ìwé kan láti Ṣàgámù fi irú orúkọ ìlú báyìí kọ́ mọ́kànlá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò sì gbàgbé wọn.

Àwọn mìíràn ń pani lẹ́rìn-ín. OLE ni ariwo tí wọ́n ń pa níbi ìjà màlúù ní Spain. OBI ni ọ̀já tí àwọn ará Japan fi ń di aṣọ wọn mọ́ ìbàdí. EWE ni abo àgùntàn, AYE ni "bẹ́ẹ̀ ni" nígbà ìdìbò, ALE jẹ́ irú ọtí kan. IRE, ẹ gbà mí, ìbínú ni! Ohun tí à ń gbàdúrà fún ní àràárọ̀ ni wọ́n ń sá fún.

Kì í ṣe pé wọ́n jí ọ̀rọ̀ wa. Nítorí pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní láti ṣiṣẹ́ fún ọ̀rọ̀ méjì, ẹni tó ń to àdììtú náà máa ń wá ọ̀rọ̀ tí fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì ti ń tẹ̀lé ara wọn, torí irú wọn ló rọrùn láti fi ọ̀rọ̀ mìíràn gé kọjá. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì méjì sún mọ́ra, ọ̀rọ̀ orúkọ wa tó jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta sì sábà máa ń jẹ́ fáwẹ̀lì, kọ́ńsónáǹtì, fáwẹ̀lì. Ohun tí wọ́n ń wá lójú méjèèjì ni ìyá wa fi ń pè wá jẹun.

Mi ò mọ eléré baseball wọn, mi ò mọ fíìmù wọn. Ṣé kí n má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀. Mel Ott jẹ́ eléré baseball kan, OTT sì ń yọjú nínú àdììtú wọn ṣáá. Mi ò tíì rí baseball gbá rí títí di òní. Ọ̀rọ̀ òòró mẹ́ta ló gbé O, T àti T fún mi, mo kí i, mo kọjá. Èyí ni ànfààní kí gbogbo lẹ́tà ní ẹlẹ́rìí. Ẹ ò nílò láti mọ ohun tí wọ́n mọ̀. Ẹ nílò láti mọ àwọn tó yí i ká.

Wọ́n sì máa ń dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. SADE, akọrin tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ní 1959, ń wọlé déédéé nítorí fáwẹ̀lì méjì tó wà nínú orúkọ rẹ̀. LAGOS ń wọlé, NAIRA ń wọlé. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá wá, bẹ́ǹṣì wa kì í dákẹ́.

Ibi tí ẹ ti lè rojọ́ ni ibi tí orúkọ àjèjì méjì bá ti gé ara wọn kọjá, tí kò sí bí ẹ ṣe lè mọ lẹ́tà àárín wọn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní Natick, orúkọ ìlú kékeré kan ní Massachusetts. Lójú tèmi, ẹ̀bi ẹni tó tò ó ni. Ẹ ya lẹ́tà tó bá wù yín síbẹ̀, kí ẹ lọ jẹun.

Ó ti há. Odidi igun kan funfun. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ wá ọ̀rọ̀ tó dá yín lójú jù lágbègbè yẹn, kí ẹ pa á rẹ́. Mi ò ṣeré. Èyí tí ẹ ń ṣiyèméjì nípa rẹ̀, ẹ ti ń ṣọ́ ọ tẹ́lẹ̀; èyí tí ẹ fọkàn tán ló ń da ilé rú.

Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, ẹ gbé e jù sílẹ̀ di alẹ́ tàbí di ọjọ́ kejì. Mi ò lè ṣàlàyé ohun tí oorun ń ṣe sí i, ṣùgbọ́n igun tó lé mi nílé lánàá, mo máa ń rí ọ̀rọ̀ méjì níbẹ̀ kí ẹ̀kọ mi tó tutù.

Ṣé ìrẹ́jẹ ni tí mo bá wo Google?

Ta ni ẹ rẹ́ jẹ? Kò sí ẹ̀bùn, kò sí olùdíje. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ ń pàdánù: adùn ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá jábọ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí fóònù lè gbé fún èèyàn. Òfin bẹ́ǹṣì wa ni pé ẹ lè wo orúkọ èèyàn àti orúkọ ibi, lẹ́yìn ìdajì wákàtí. Ìwé atúmọ̀ èdè, ẹ lè ṣí i nígbàkígbà. Ojú ewé tó to gbogbo ìdáhùn sílẹ̀, ẹni tó bá ṣí i ló máa ra àkàrà fún gbogbo wa.

Ó yẹ kó gba ìṣẹ́jú mélòó? Ṣé ó sì ń wo àìsàn ìgbàgbé sàn?

Áàpù orí fóònù ní aago tó ń sáré. Ẹ pa á. Àwọn kan ń parí Sátidé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èmi a máa fi àárọ̀ bẹ̀rẹ̀, kí n parí lẹ́yìn Ìṣà.

Ní ti ìgbàgbé: ìwádìí kan jáde ní 2022 ní Amẹ́ríkà lórí àwọn èèyàn 107 tí iyè wọn ti ń rà díẹ̀díẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ 78, àwọn tó ń ṣe kírọ́sìwọ́ọ̀dù ṣe dáadáa díẹ̀ ju àwọn tó ń ta géèmù orí kọ̀ǹpútà lọ. Èèyàn 107 kò pọ̀, mi ò sì ní ta á fún yín bí àgbo. Ẹ ṣe é nítorí pé ó dùn.

Ṣé a lè jọ ṣe é?

Bó ṣe dára jù nìyẹn, pàápàá aláìlákòrí, nítorí pé kò sí orí kan tó lè mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Lórí bẹ́ǹṣì wa, télọ̀ ló mọ orúkọ aṣọ, awakọ̀ ló mọ ti mọ́tò, èmi tí mo ti fẹ̀yìntì nídìí iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n ń bi ní ti gírámà. Ẹnìkan ń ka atọ́ka sókè, ẹnìkan ló ń di pẹ́ńsù mú. Ẹ má jẹ́ kí pẹ́ńsù di méjì.

Ẹni tó kéré jù ni a máa ń fún ní pẹ́ńsù, nítorí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lọ́sẹ̀ kan, bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún pàṣẹ ọ̀rọ̀ kan, ọmọbìnrin tó ń kọ ọ́ dá ọwọ́ dúró. "Bàbá, ẹ má bínú o, S ló yẹ kó parí rẹ̀. Ẹ wo atọ́ka, wọ́n pọ̀." Bàbá gba ìwé, ó gbé e jìnnà sójú, ó dá a padà. "Ìwọ ọmọ yìí. Ó dáa, kọ ọ́."

Ṣé a lè ṣe aláìlákòrí lédè Yorùbá?

Lọ́nà ti Amẹ́ríkà, ó ṣòro ju bí ẹ ṣe rò lọ, ìdí rẹ̀ sì wuyì. Ọ̀rọ̀ Yorùbá, fáwẹ̀lì ló ń parí rẹ̀, tàbí N tó ń tẹ̀lé fáwẹ̀lì bíi ti ọgbọ́n àti iyán. Gbogbo lẹ́tà tó wà ní ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá ló jẹ́ ìparí ọ̀rọ̀ òòró kan. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìlà ìsàlẹ̀ kò lè ní ju fáwẹ̀lì àti N lọ. Ẹ wá irú wọn: iná, inú, ẹnu, ọ̀nà, àná, àánú. Ẹ tún wá sí i. Ṣé ẹ rí i pé kò pẹ́ tó tán? Ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, níbi tí ọ̀rọ̀ ìbú ti ń parí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ wa rọrùn láti gé kọjá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n etí ìwé ló ń lé wa padà.

Ọ̀nà àbáyọ ni ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn, níbi tí kì í ṣe gbogbo lẹ́tà ló ní ẹlẹ́rìí. Kékeré ṣeé ṣe lọ́nà Amẹ́ríkà náà. Èyí ni mo tò lóru ọjọ́ kan tí iná ò sí, àpótí mẹ́ta ní mẹ́ta, kò sí dúdú kankan:

Ọ B Ẹ
T U N
I N U

Ní ìbú, ẹ ní ọbẹ̀, tún àti inú. Ní òòró, ẹ ní ọtí, bùn àti ẹnu. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà, kò sí èyí tó wá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wo ìlà ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún: fáwẹ̀lì àti N nìkan.

GB ńkọ́, àpótí kan ni àbí méjì?

Kan. Lẹ́tà 25 ni álífábẹ́ẹ̀tì wa, GB sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àgbàdo gba àpótí márùn-ún. Ẹ, Ọ àti Ṣ náà dá dúró, ẹ ò gbọdọ̀ fi E rọ́pò Ẹ nítorí pé fóònù yín kò ní in.

Àmì ohùn ńkọ́? Ṣé ẹ kàn máa jù ú nù ni?

Ìjà tí kò tíì parí lórí bẹ́ǹṣì nìyí. Télọ̀ ní tí kò bá sí àmì, kì í ṣe Yorùbá. Ẹ padà sí àpótí mẹ́sàn-án tó wà lókè yìí, kí ẹ fi àmì sí i. Ọtí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọ ohùn àárín, ọbẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó dáa. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ parí sí ohùn ìsàlẹ̀, ẹnu sì bẹ̀rẹ̀ ní àárín: wọ́n kọ ara wọn. Ẹ ní kí ó jẹ́ ọ̀bẹ dípò ọbẹ̀? Ẹnu á gbà á, ọtí á lé e jáde. Àárín ńkọ́? U ti tún wà lókè, U ti bùn wà nísàlẹ̀. Igun ìkẹyìn náà, inú ń lọ sókè, ẹnu dúró sí àárín.

Nítorí náà mo ń fi àmì sí atọ́ka, mo ń fi kókó sábẹ́ lẹ́tà nínú àpótí, mo sì ń fi ohùn sílẹ̀ fún ẹnu ẹni tó ń kà á. Télọ̀ ní òun máa to èyí tí ohùn rẹ̀ pé láìkù síbì kan. Ó ti di oṣù mẹ́rin báyìí, ó ṣì ń pa á rẹ́.